Ẹ Bi Wá: Bí Àwọn Ará Róòmù Àtijọ́ Ṣe Ń Bá Òrìṣà Oko, Igbó àti Àrá Lò

Láti ìgbà tí a ti kéde pé ojú ewé yìí máa dá lórí ẹ̀sìn Róòmù àti Gíríìsì láyé àtijọ́ ni lẹ́tà ti ń wọlé. Èyí tó jọra la pa pọ̀, èyí tó gùn la gé kúrú.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Wọ́n kọ́ wa pé àwọn ará Róòmù ń bọ igi àti odò. Ṣé igi fúnra rẹ̀ ni òrìṣà ni, àbí òrìṣà kan ló ń gbé inú rẹ̀? — Akẹ́kọ̀ọ́, Ilé-Ifẹ̀

ÌDÁHÙN: Àwọn ọ̀mọ̀wé ni ìyàtọ̀ yẹn jẹ lógún, kò fi bẹ́ẹ̀ kan àgbẹ̀ Róòmù. Ohun tí àgbẹ̀ ń bèèrè ni pé: ta ló ni ibi tí mo fẹ́ fọwọ́ kàn yìí, kí ni màá sì fún un kó tó yọ̀ǹda fún mi? Bó bá mọ orúkọ onítọ̀hún, ó dára. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, ọ̀nà wà.

Cato, olóṣèlú ńlá tó kú ní 149 ṣáájú ìbí Kristi, kọ ìwé kan lórí iṣẹ́ oko tó ṣì wà lódidi di òní. Ó ní bí ẹ bá fẹ́ gé díẹ̀ lára igi igbó òrìṣà kí ìmọ́lẹ̀ lè wọlé, ẹlẹ́dẹ̀ kan lẹ máa fi ṣètùtù. Ẹ ó kọ́kọ́ ké sí onígbó, ìwọ tí o ni ibí, yálà ọkùnrin ni ọ́ tàbí obìnrin. Ẹ ó sọ ìdí tí ẹ fi pa ẹlẹ́dẹ̀ náà, pé ẹ fẹ́ gé lára ohun tó jẹ́ tirẹ̀. Ẹ ó wá tọrọ ojúure fún ara yín, fún ilé yín, fún àwọn ará ilé àti àwọn ọmọ. Nínú àdúrà náà, ọ̀rọ̀ kan wà tó jọ ti lọ́yà: ì báà jẹ́ èmi ni mo gé e, ì báà jẹ́ ẹni tí mo rán, kí a kà á sí iṣẹ́ tó tọ́.

Gígé igi nìkan ni ẹlẹ́dẹ̀ yẹn sanwó fún. Bí ẹ bá tún fẹ́ gbẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀, ètùtù kejì nìyẹn, àdúrà kan náà, ẹ óò kàn fi kún un pé nítorí iṣẹ́ ilẹ̀ ni. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti lè kó síṣòro rèé o: ojoojúmọ́ lẹ gbọ́dọ̀ máa ṣe díẹ̀ lára iṣẹ́ náà títí tó fi máa parí. Bí ẹ bá fo ọjọ́ kan, tàbí tí ọdún ìlú tàbí ọdún ilé bọ́ sí àárín, àṣẹ tí ẹ gbà ti pin. Ẹ tún ètùtù mìíràn ṣe.

Nínú gbogbo èyí, kò sẹ́ni tó sọ pé igi ni òrìṣà, kò sì sẹ́ni tó sọ pé igi kọ́. Wọ́n ṣe tán lọ́nà tí àdúrà yóò fi bá a mu, èyí yòówù kó jẹ́.

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ mi tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ní àwọn abọ̀rìṣà àtijọ́ ilẹ̀ Yúróòpù mọyì igbó ju àwa lọ, pé àwọn ló kọ́kọ́ mọ bí a ṣe ń dáàbò bo àyíká. Ṣé òótọ́ ni? — Òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì, Abẹ́òkúta

ÌDÁHÙN: Ó ní ibi tó jẹ́ òótọ́ mọ, Bàbá. Ní 1876 wọ́n rí òkúta kan nítòsí Spoleto ní Ítálì tí wọ́n gbẹ́ òfin igbó sí lára láti ìgbà tí a kò tíì bí Kristi. Kí ẹnikẹ́ni má ba igbó yìí jẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má fi kẹ̀kẹ́ ẹrù kó ohun tó jẹ́ ti igbó jáde, kó má sì fọwọ́ gbé e. Kí ẹnikẹ́ni má gé e àfi lọ́jọ́ ẹbọ ọdọọdún. Ẹni tó bá ṣẹ̀ yóò fi màlúù kan ṣètùtù fún Jupiter, òrìṣà ojú ọ̀run. Ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, yàtọ̀ sí màlúù, yóò san ìtanràn 300 owó bàbà wọn, tí wọ́n ń pè ní as.

Lágbègbè Áténì, ní apá ìparí ọ̀rúndún kẹrin ṣáájú ìbí Kristi, aláwòrò òrìṣà Apollo kan gbé irú òfin bẹ́ẹ̀ jáde fún igbó òrìṣà náà. Kò fẹ́ kí wọ́n gé igi ibẹ̀, kò fẹ́ kí wọ́n kó ẹ̀ka, kódà kò fẹ́ kí wọ́n ṣa ewé tó já bọ́ sílẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹrú lọ́wọ́ tẹ̀, ẹgba 50, wọn a sì fi orúkọ ọ̀gá rẹ̀ tó ìgbìmọ̀ ìlú létí. Bó bá jẹ́ ẹni tí kì í ṣe ẹrú, 50 drachma, èyí tó tó owó iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ fún lébìrà.

Ṣùgbọ́n ẹ tún òfin méjèèjì kà. Kò síbi tí wọ́n ti ní igi ti ń ṣọ̀wọ́n tàbí pé ilẹ̀ yóò ṣá. Ohun tí wọ́n ń ṣọ́ ni ẹ̀tọ́ ẹni tó ni ibẹ̀, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ ẹ̀tọ́ ẹni tó ni ilé. Igi tí kò sí lábẹ́ òrìṣà kankan, àwọn ará Áténì yìí kan náà ló fi í kan ọkọ̀ ogun, àwọn náà ló sun ún di èédú tí wọ́n fi yọ́ fàdákà tí wọ́n ń wà ní Laurion nítòsí wọn. Pé igbó òrìṣà dúró tútù láàárín oko gbígbẹ jẹ́ èrè òfin náà, kì í ṣe èrò àwọn tó ṣe é. Ẹ bá wa kí ọmọ.

ÌBÉÈRÈ: Mo gbọ́ pé iṣẹ́ oko kọ̀ọ̀kan ló ní òrìṣà tirẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Ẹ kà wọ́n fún wa. — Àgbẹ̀, Ṣakí

ÌDÁHÙN: Méjìlá ni aláwòrò máa ń pè nígbà tó bá ń rúbọ sí Ilẹ̀ àti sí Ceres tó ni ọkà, ètò iṣẹ́ oko àlìkámà sì ni wọ́n fi tò wọ́n. Vervactor ló ni títú ilẹ̀ tó ti sinmi. Reparator ló ni títú u lẹ́ẹ̀kejì. Imporcitor ń la poro, Insitor ń gbin irúgbìn, Obarator ń túlẹ̀ bò ó mọ́lẹ̀, Occator ń fọ́ ògúlùtu. Sarritor ló ni ríro oko, Subruncinator ló sì ni fífa èpò tó tún yọjú lẹ́yìn ìyẹn. Ó wá kan Messor tó ń kórè, Convector tó ń kó o wálé, Conditor tó ń tò ó sínú àká, àti Promitor tó ń bù ú jáde láti jẹ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń dáko ti rí i pé kò sí òjò nínú wọn, kò sí oòrùn. Iṣẹ́ ọwọ́ ni gbogbo wọn. Ojú ọ̀run ní ẹni tó ni ín, Jupiter ni, ẹbọ tirẹ̀ sì ní ọjọ́ tirẹ̀: ṣáájú ìgbà gbígbìn, Cato ní kí ẹ fún un ní ife wáìnì kan àti ẹran sísun, kí ẹ fún màlúù oko àti àwọn tó ń dà wọ́n ní ìsinmi lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ tó gbin jéró, aáyù àti ẹ̀wà lẹ́ńtìlì.

Ohun tó fi hàn jù lọ pé iṣẹ́ ni wọ́n fi ń ya òrìṣà sọ́tọ̀ ṣẹlẹ̀ ní 183 lẹ́yìn ìbí Kristi. Igbó òrìṣà kan wà tó tó máìlì márùn-ún sí Róòmù, ti Dea Dia, àwọn aláwòrò méjìlá ló ń bójú tó o, wọ́n sì ń gbẹ́ àkọsílẹ̀ ohun tí wọ́n bá ṣe sára òkúta. Lọ́dún yẹn, igi ọ̀pọ̀tọ́ hù lórí òrùlé tẹ́ḿpìlì. Ó gbọ́dọ̀ kúrò, nítorí gbòǹgbò rẹ̀ á fọ́ ilé. Kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án, wọ́n fi ẹlẹ́dẹ̀, àgùntàn àti akọ màlúù ṣètùtù, wọ́n sì rúbọ sí ọ̀pọ̀ òrìṣà. Lára wọn ni mẹ́ta tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ orúkọ wọn rí: Deferunda tó ni sísọ igi náà kalẹ̀, Commolenda tó ni gígé e sí wẹ́wẹ́, Adolenda tó ni sísun ún. Nínú igbó yẹn kan náà, mímú irin wọlé láti fi gbẹ́ òkúta náà ní ètùtù tirẹ̀, mímú irin ọ̀hún jáde sì ní tirẹ̀.

Augustine, bíṣọ́ọ̀bù Hippo ní Àríwá Áfíríkà, fi irú àwọn òrìṣà báyìí ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà tó yá. Ó ní ẹnì kan ṣoṣo ló ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ilé, ó sì tó, àmọ́ àwọn ará Róòmù fi òrìṣà mẹ́ta síbẹ̀: ti ìlẹ̀kùn, ti ibi tí ìlẹ̀kùn ti ń yí, ti àtẹ́rígbà. Ọ̀rọ̀ náà pani lẹ́rìn-ín lóòótọ́. Lójú tiwa ṣá, kò fẹ́ rí ohun tí wọ́n ń ṣe. Ibikíbi tí iṣẹ́ bá ti lè bàjẹ́ ni wọ́n ti ń dúró pe orúkọ, irúgbìn tí wọn kò bò dáadáa kò sì níí bèèrè bóyá ìtúlẹ̀ tó ṣáájú dára.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé lóòótọ́ ni pé wọ́n ń bọ àrùn ọ̀gbìn bí àwọn baba wa ṣe ń bẹ Ṣọ̀npọ̀nná? — Òǹkàwé, Ìjẹ̀bú-Òde

ÌDÁHÙN: Lóòótọ́ ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn méjèèjì kò bára tan. Robigus lorúkọ ẹni tí wọ́n ń bẹ, ìpẹtà tó ń mú àlìkámà ni. Ọjọ́ 25 oṣù Kẹrin ni ọdún rẹ̀. Àwòrò Quirinus, òrìṣà Róòmù mìíràn, máa ń jáde kúrò nílùú lọ sí igbó rẹ̀, ajá àti àgùntàn ni wọ́n ń pa, wọ́n a fi ìfun wọn sínú iná pẹ̀lú wáìnì àti tùràrí. Akéwì Ovid gbé àdúrà náà kalẹ̀: jọ̀wọ́ má fọwọ́ kan ọkà, bí o bá fẹ́ ohun tí ìwọ yóò jẹ, idà àti ọ̀kọ̀ wà níbẹ̀, irin ni kí o jẹ.

Ọjọ́ náà kì í ṣe àdábọwọ́. Ní ìparí oṣù Kẹrin, àlìkámà ilẹ̀ Ítálì ti ga, ó ń múra láti yọ orí, bí ìpẹtà bá sì mú un lásìkò yẹn, hóró kò ní kún. Lónìí a mọ̀ pé ohun abẹ̀mí kan tó jẹ́ ìbátan olú ló ń fà á, Puccinia graminis. Hóró rẹ̀ kéré bí ìyẹ̀fun, atẹ́gùn ló ń gbé e kiri, ó sì nílò kí omi wà lára ewé fún ọ̀pọ̀ wákàtí kó tó lè wọ inú igi ọkà. Ó tún máa ń lo apá kan ìgbésí ayé rẹ̀ lára igi ẹlẹ́gùn-ún tí wọ́n ń pè ní barberry. Àwọn ará Róòmù kò mọ ti igi yìí. Ti omi ni wọ́n mọ̀: wọ́n ní bí ìrì bá wà lára ọkà tí oòrùn sì ta sí i, ìpẹtà dé nìyẹn. Ohun tí wọ́n rí kò jìnnà sí òótọ́. Oòrùn ni wọ́n dá lẹ́bi jù.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ ṣeun fún iṣẹ́ yín. Mo kà á pé ìyẹ̀fun oníyọ̀ ni wọ́n ń wọ́n sórí ẹran kí wọ́n tó pa á. Báwo ni wọ́n ṣe ń sè é? Bí ẹbọ bá sì bàjẹ́ ńkọ́? — Màmá onílé-oúnjẹ, Lọ́ńdọ̀nù

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣeun, Màmá. Àwọn wúńdíá tó ń tọ́jú iná Vesta, òrìṣà ààrò, ló ń ṣe ìyẹ̀fun náà fún ìlú. Láti ọjọ́ 7 sí 14 oṣù Karùn-ún, àwọn àgbà mẹ́ta nínú wọn máa ń kó ṣírí irú àlìkámà àtijọ́ kan tí wọ́n ń pè ní far sínú apẹ̀rẹ̀, lọ́jọ́ kan kí wọ́n fo ọ̀kan. Wọ́n á yan án, wọ́n á gún un, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á tọ́jú rẹ̀. Iyọ̀ ní iṣẹ́ tirẹ̀. Wọ́n á gún un nínú odó, wọ́n á dà á sínú ìkòkò amọ̀, wọ́n á fi ẹfun dí ẹnu ìkòkò pa, wọ́n á gbé e sínú ààrò títí yóò fi di òkúta, wọ́n á sì fi ayùn irin rẹ́ ẹ. Omi tó ń ṣàn ni wọ́n ń lò sí i, kò gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó gba inú páìpù wá. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́dún ni wọ́n ń po ìyẹ̀fun pọ̀ mọ́ iyọ̀: ọjọ́ 15 oṣù Kejì, ọjọ́ 9 oṣù Kẹfà, àti ọjọ́ 13 oṣù Kẹsàn-án.

Níbi ẹbọ gan-an, ẹni tó ń gbàdúrà á fa aṣọ bo orí. Ẹnì kan á máa ka ọ̀rọ̀ náà fún un láti inú ìwé kó má bàa ṣì í, ẹlòmíràn á máa ṣọ́ bóyá ó ń pè é bó ṣe yẹ, ẹnì kẹta á ní kí gbogbo èèyàn panu mọ́. Afọnfèrè á máa fọn fèrè, kí etí má bàa gbọ́ ohùn burúkú kan láàárín àdúrà.

Bó bá bàjẹ́, títúnṣe ni. Nínú ìwé Cato, bí ẹ bá fa ọmọ ẹlẹ́dẹ̀, ọ̀dọ́ àgùntàn àti ọmọ màlúù yí oko ká fún òrìṣà Mars tí àmì rere kò sì yọ lára ẹran náà, ẹ ó sọ pé: Bàbá Mars, bí ohun kan nínú wọn kò bá tẹ́ ọ lọ́rùn, mo fi àwọn wọ̀nyí tún un ṣe. Bó bá jẹ́ ọ̀kan péré ló ń kọni lóminú, ọ̀kan yẹn nìkan lẹ máa san padà, ẹlẹ́dẹ̀ fún ẹlẹ́dẹ̀. Ti ìlú le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 176 ṣáájú ìbí Kristi, níbi ọdún Jupiter lórí Òkè Alban, ìjòyè ìlú Lanuvium kò dárúkọ àwọn ará Róòmù nínú àdúrà lórí ẹran kan ṣoṣo. Gbogbo ọdún náà ni wọ́n tún ṣe látìbẹ̀rẹ̀, Lanuvium ló sì pèsè ẹran.

Ìwọ̀n tí ẹ máa fẹ́ mọ̀ wà níbi ẹ̀jẹ́ tí wọ́n ń jẹ́ nítorí ìlera màlúù oko, èyí tí kò nílò aláwòrò. Fún màlúù kọ̀ọ̀kan: ìyẹ̀fun far pọ́n-ùn Róòmù 3 (bíi kílò kan), ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ pọ́n-ùn 4½ (bíi kílò kan àtààbọ̀), ẹran tí kò léegun pọ́n-ùn 4½, àti wáìnì tó lé díẹ̀ ní lítà kan àtààbọ̀. Inú igbó ni wọ́n ti ń ṣe é, lọ́sàn-án, fún Mars àti Silvanus, òrìṣà igbó. Ẹrú lè ṣe é, ẹni tí kì í ṣe ẹrú lè ṣe é, ibẹ̀ náà sì ni wọ́n ti gbọ́dọ̀ jẹ ẹ́ tán lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má bínú, obìnrin kò gbọ́dọ̀ sí níbẹ̀, kò sì gbọ́dọ̀ rí bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ilé tó mọ Orò mọ irú èèwọ̀ bẹ́ẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Bí àrá bá sán sí ilé nílẹ̀ yìí, àwọn Oníṣàngó ni wọ́n máa ń ké sí. Ta ni wọ́n ń ké sí ní Róòmù? — Oníṣẹ́ iná, Òṣogbo

ÌDÁHÙN: Àárá ọ̀sán, ti Jupiter ni. Àárá òru, ti Summanus. Wọ́n á ṣa gbogbo ohun tí àrá náà fọwọ́ kàn, ìbáà ṣe òkúta, igi jíjó tàbí erùpẹ̀, wọ́n á rì í mọ́ ojú ibẹ̀ gan-an, wọ́n á pa àgùntàn, wọ́n á sì mọ ògiri yí i ká bí ẹnu kànga. Òkúta tí wọ́n ń gbé síbẹ̀ máa ń sọ pé mànàmáná ni wọ́n sin síhìn-ín. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ tẹ ibẹ̀, wọn kì í sì í fi òrùlé bò ó, ojú ọ̀run gbọ́dọ̀ máa rí i.

Ẹ̀kọ́ nípa ìtumọ̀ àrá, ọ̀dọ̀ àwọn Etruscan tó múlé ti Róòmù ni wọ́n ti rí i. Wọ́n pín ojú ọ̀run sí ọ̀nà 16, ìtumọ̀ sì wà lórí èwo ni mànàmáná ti jáde àti ibi tó gbà padà. Ní 1877, àgbẹ̀ kan nítòsí Piacenza hú ẹ̀dọ̀ àgùntàn kan tí wọ́n fi idẹ rọ, tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 12. Orúkọ òrìṣà kún ojú rẹ̀, ojúlé 16 ló sì yí etí rẹ̀ ká, gẹ́gẹ́ bí ojú ọ̀run. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lókè ni wọ́n retí láti rí nínú ẹran tí wọ́n là.

Seneca, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ará Róòmù tó kú ní 65 lẹ́yìn ìbí Kristi, fi gbólóhùn kan ya àwọn onímọ̀ bíi tirẹ̀ àti àwọn Etruscan sọ́tọ̀. Ó ní àwa gbà pé ìkùukùu ń kọlu ara wọn, ìyẹn ló ń mú mànàmáná jáde. Àwọn gbà pé ìkùukùu ń kọlu ara wọn kí mànàmáná lè jáde. Àwọn Etruscan kò sọ pé ìkùukùu kò sí níbẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé wọn kò mọ ohun tó ń mú òṣùpá ṣókùnkùn ni? — Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì, Kútọ̀nù

ÌDÁHÙN: Àwọn kan mọ̀ ọ́n. Kí ọ̀rúndún karùn-ún ṣáájú ìbí Kristi tó dé ìdajì ni Anaxagoras, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kan, ti wà ní Áténì tó ń sọ pé ara oòrùn ni òṣùpá ti ń yá ìmọ́lẹ̀, àti pé ayé ló máa ń dínà mọ́ ọn. Síbẹ̀, lálẹ́ ọjọ́ 27 oṣù Kẹjọ 413 ṣáájú ìbí Kristi, ọmọ ogun Áténì ti múra tán láti wọkọ̀ sá kúrò ní Syracuse, ìlú tí wọ́n lọ gbógun tì ní Sicily, nígbà tí òṣùpá ṣókùnkùn. Àwọn aríran ní kí wọ́n dúró fún ọjọ́ 27. Nicias, olórí ogun, gbà fún wọn. Àwọn ọ̀tá dí ẹnu èbúté, wọ́n pa Nicias, ó kéré tán 7,000 èèyàn ni wọ́n kó dà sínú ihò òkúta.

Ẹ má tètè dá ìwoṣẹ́ lẹ́bi nìkan. Stilbides, aríran tó máa ń pẹ̀tù sí Nicias lọ́kàn, ti kú díẹ̀ ṣáájú ìgbà yẹn. Ọ̀kan nínú àwọn tó mọ̀ nípa àmì láyé àtijọ́ tilẹ̀ ní fún ẹni tó ń sá lọ, òkùnkùn dára, òun ló nílò ìbora.

ÌBÉÈRÈ: Ìgbà wo ni gbogbo rẹ̀ parí? — Òǹkàwé, Èkó

ÌDÁHÙN: Kò parí lọ́jọ́ kan. Òfin tó le jù ni èyí tí olú ọba Theodosius gbé jáde lọ́jọ́ 8 oṣù Kọkànlá 392. Kì í ṣe pípa ẹran nìkan ló kà léèwọ̀. Ó ka títan fìtílà fún òrìṣà ilé, sísun tùràrí, síso aṣọ mọ́ igi, àti fífi ògúlùtu oníkoríko mọ pẹpẹ sí ẹ̀ṣẹ̀. Ẹni tó bá sun tùràrí nínú ilé ara rẹ̀ yóò pàdánù ilé tàbí ilẹ̀ náà. Bó bá jẹ́ ilẹ̀ onílẹ̀ ló ti rúbọ, wúrà pọ́n-ùn 25 ni ìtanràn rẹ̀, onílẹ̀ tó bá sì gbè é lẹ́yìn yóò san iye kan náà.